Ìṣákọ́lẹ̀ ní Clinton

Ẹrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ẹrẹ̀ pupa Clinton ní Amẹ́ríkà tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà èèyàn ní òpin ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán ṣùgbọ́n tí oòrùn ò tíì lágbára. Mo dúró nínú ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì tuntun, ìbọ̀wọ́ tuntun àti bàtà òjò tuntun, mo ń wo ara mi bí àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìgboro Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mi ò gbin nǹkan kan rí ju ẹ̀wà inú ife tí wọ́n ní ká gbìn níléèwé. Àgbẹ̀ gidi tó wà nínú wa, ìyá mi, jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ìyá mi wá láti abúlé wọn lẹ́yìn Ọ̀yọ́ láti bá wa tọ́jú àkọ́bí wa. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní National Harbor, ìyàwó mi náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá mi nìkan ló kù nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo àwọn igi tí kò léwé, wọ́n á ní ṣé gbogbo igi ìlú yìí ló ti kú ni. Nígbà tó yá, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá lọ, ọ̀kan nínú èmi àti ìyàwó mi gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ kéré. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi kúrò nílé mi pẹ̀lú ojú báyẹn.

Ìdí tí mo fi lọ gba abala ilẹ̀ kan nìyẹn, nínú ọgbà tí ìjọba àdúgbò máa ń pín fún ará ìlú láti fi gbin ẹ̀fọ́. Mo ní oko ni yóò dá wọn dúró. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá tíì ro tiẹ̀ kí ìgbà ìrúwé tó wọlé, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ojú wọn là. Wọ́n fa irin ọkọ́ kan yọ láàárín àwọn ìró tí wọ́n kó wá. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ní àwọn ń bọ̀ wá gbé ọmọ pọ̀n ló gbé ọkọ́ wọ bàálù. Mo wá igi, mo fi ṣe èèkù fún un, mo sì ń yin ara mi pé mo gbọ́n.

Àfi bí a ṣe débẹ̀ tí wọ́n bi mí pé ta ló ni ilẹ̀. Mo ní ìjọba ni. Wọ́n ní àwọn ò béèrè ìjọba lọ́wọ́ mi, ta ló ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbo ló wà, kí la gbé dání nígbà tí a lọ kí i? Mo ní mo ti buwọ́ lùwé, ó ti parí. Ìyá mi wò mí títí.

“Wọ́n fún ọ nílẹ̀, o ò san ìṣákọ́lẹ̀, o wá fẹ́ kí n ki ọkọ́ bọ̀ ọ́?”

Ni wọ́n bá padà sínú mọ́tò. Ní abúlé wọn, ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko á máa gbé díẹ̀ nínú ìkórè lọ fún onílẹ̀, kì í ṣe pé ebi ń pa onílẹ̀, àmọ́ kó lè mọ̀ pé wọn ò gbàgbé òun. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú. Inú bíbí náà ni mo fi ń wo òkìtì koríko gbígbẹ kan tí ẹnì kan tẹ́ sẹ́bàá fẹ́ǹsì, mo ní pàǹtí yìí ni màá kọ́kọ́ hú dànù. Ìyá mi ní tí mo bá ki ṣọ́bìrì mi bọ ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn á fẹsẹ̀ rìn délé. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n á rìn ín.

Sátidé kejì, bákan náà ni. Ìgbà ìrúwé ń sún mọ́lé, ìyá mi sì tún ti ń béèrè ọjọ́ tí bàálù máa ń lọ. Bàbá kan tó ń ro ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiwa ló yọ mí. Ó ní tọkọtaya arúgbó kan ló ń dáko níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ ló kú kí òtútù tó dé, ìyàwó sì ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Hillcrest Heights. Ó bá wa pe màmá náà, ó ní wọ́n ní ká máa bọ̀.

Ìyá mi ṣa iṣu tó tóbi jù nínú ilé, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Màmá náà fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó wọ súwẹ́tà ọkùnrin. Ìyá mi ní kí n sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ la gbé wá. Èmi tí mò ń fi òyìnbó jẹun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni rẹ́ǹtì. Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì la bá wá. Ojú màmá náà yí padà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti san tiẹ̀, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi ò gbọ́ ohun tí a ń sọ, àmọ́ wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ń padé. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, wọ́n sì fọwọ́ méjèèjì gbé iṣu náà sókè. Ilẹ̀kùn dúró.

Ìgbà yẹn ni mo wá tú u bó ṣe yẹ, pé ilẹ̀ tí ọkọ yín fi dáko ni wọ́n fún wa, ìyá mi sì ní àwọn ò ní ro ó láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ sí i. Màmá náà di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Kò sẹ́ni tó bi mí,” wọ́n sọ. “Wọ́n kàn kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti gbà á.”

Wọ́n bú sẹ́kún, ìyá mi náà bú sẹ́kún, èmi wá dúró sáàárín àwọn méjèèjì bí òpó iná. Nígbà tí a wọlé, màmá náà bi mí pẹ̀lẹ́ bóyá a ti hú ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Mo ní rárá. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ayù ni ọkọ àwọn gbìn síbẹ̀, òun ló fi koríko bò ó kí òtútù má baà pa á, iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn lóko nìyẹn. Nígbà tí mo tú u fún ìyá mi, wọ́n wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n sọ fún màmá náà pé ayù yẹn ò ní kúrò níbẹ̀, gbogbo ohun tí a bá sì kọ́kọ́ ká lóko, tiwọn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi pọn ọmọ, wọ́n ki ọkọ́ bọlẹ̀. Wọ́n kọ ebè lọ rẹrẹ, èmi tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yìn mi ò ṣe é nà. Kí ìrúwé tó wọlé, oko wa ti gún régé, ewé ayù sì ti yọrí lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ̀rọ̀ bàálù lẹ́nu wọn mọ́. Nígbà ooru, ọmọ màmá Hillcrest máa ń gbé wọn wá, àwọn méjèèjì á jókòó sábẹ́ igi, kálukú á máa sọ èdè tiẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo bi ìyá mi pé kí ni wọ́n ń gbọ́ nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bomi rin tẹ̀tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé, lẹ́yìn tí a ti kórè tán, wọ́n gbé ọkọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Má jẹ́ kí ìyá yẹn ra ẹ̀fọ́.”

Ọmọ tí wọ́n pọ̀n nígbà náà ti ga jù mí lọ báyìí. Màmá Hillcrest lo ọdún bíi mélòó kan sí i, wọ́n sì papò dà. Mo pe ìyá mi lórí fóònù láti sọ fún wọn. Wọ́n bi mí pé, ṣé ó ra ẹ̀fọ́ rí?

Mo ní rárá, mà.

Wọ́n ní ó dáa.