Ère Tí Kò Tíì Lajú

Ère obìnrin kan wà ní Ìsọlọ̀ tó ní imú, ẹnu àti irun dídì, ṣùgbọ́n kò ní ẹyinjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá agbẹ́gilére tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló fi igi apá gbẹ́ ẹ, láyé ìgbà tí owó epo ń la ọ̀nà ńlá káàkiri Èkó. Ó ní ìyàwó òun tó ti kú ni.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ojú ló máa ń gbẹ́ kẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́, á da omi sára àpò tó fi wé ère náà, kí igi má bàa gbẹ kó sì sán.

Ìyá Ṣadé, aládùúgbò rẹ̀, sọ fún mi pé, “A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ní, ‘Bàbá, ìyàwó yín ò tíì jí ni?’ Wọ́n á ní, ‘Ẹ rọra o, ó ń sùn.’”

Èmi náà bi bàbá pé kí ló dé tí kò parí rẹ̀. Ó ní, “Tí mo bá la ojú ẹ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn. Ta ni n ó tún máa bu omi fún?”

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀ pé ọ̀nà yóò gba ibẹ̀, ó tú àpò náà, ó pọ́n ọ̀bẹ kékeré, ó sì la ojú méjèèjì.

Ó ní, “Kò dáa kí katakata bá a lójú oorun.”

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ajé ni àwọn yóò wó ilé náà. Ọkọ̀ ìjọba yóò gbé bàbá àti àpótí rẹ̀ lọ sí Èjìgbò. Kò sí àyè fún igi.