Ìgò Àgbo Tó Wà Lára Máṣíìnì Ọkọ Mi

Bí ẹ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò ọkọ mi kọjá ní Ẹdẹ lónìí, ẹ ó rí àwọn ọ̀kadà tí wọ́n so ìgò ike mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara ẹ́ńjìnnì wọ inú ìgò náà. Yóò sọ fún yín pé òun lòun ronú rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ tó èyí tí mo lè máa fi dákẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é, ní ẹ̀yìnkùlé mi, lára máṣíìnì ọkọ mi, lẹ́yìn tí àbúrò ọkọ mi yìí, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ti ní ẹ́ńjìnnì náà ti kú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó wà lára àwọn tó ń lọ fi irúgbìn tuntun àti ajílẹ̀ han àwọn àgbẹ̀ lóko. Máṣíìnì ló ń gbé e láti Ẹdẹ dé Sekona, dé Ara, dé gbogbo abúlé tó wà láàárín. Nígbà tí wọ́n gbé èmi náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ara láti máa kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ó ní òun kò lè máa wo ìyàwó òun kó máa dúró lójú títì de ọkọ̀ tí kò dé. Ojú ọ̀nà Ara ló ti kọ́ mi ní máṣíìnì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó di àga ẹ̀yìn mú, ó ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń pariwo.

"Iwájú! Iwájú ni kóo máa wò! Ẹ̀yìn ò sá lọ!"

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ó ti wà lókèèrè, ó dúró sáàárín títì, ó fọwọ́ di ikùn mú, ẹ̀rín ń pa á. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Ó ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́, mi ò mọ̀.

Ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àgbo ló ń mu fún ara ríro. Inú ìgò ike ni mo máa ń rọ ọ́ sí. Ìgò àkọ́kọ́ tí mo dé pinpin, oòrùn ojú fèrèsé bà á, ó hó, ó yọkùn, ìdérí rẹ̀ fò lọ bá àjà, àgbo sì fọ́n sára kọ́tìnnì. Àbàwọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ọkọ mi dìde pẹ̀lú ara ríro rẹ̀, ó ki ìṣó bọ iná, ó sì lu ihò wẹ́rẹ́ kan sórí ìdérí ìgò kejì.

"Jẹ́ kó máa mí," ló wí.

Nígbà tó kú, ìgò yẹn ṣì wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e pamọ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ àdúà ogójì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máṣíìnì dé. Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún àwọn ọmọ ìsìnyí. Nílé ọkọ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ti bí kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbúrò ọkọ mi nígbà tí mo dé. Èmi ni mo ń nu imú rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní á-bí-dí. Síbẹ̀, "ẹ̀yin ọkọ mi" ni mo ń kí i, lórí ìkúnlẹ̀, "ìyàwó" ló sì ń pè mí. Mo ti ń pe ọmọ tí mo wẹ̀ ní "ẹ̀yin" fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Mi ò bá àṣà jà. Òun ló fi àṣà gun mi bí ẹni gun ẹṣin.

Lọ́jọ́ náà, ó fi bàtà gbá táyà máṣíìnì níwájú gbogbo ẹbí.

"Ìyàwó, èyí ti kú o. Èéfín tó ń rú ti pọ̀ jù, ríìngì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ tán. Màá fi ọmọlanke wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ ò tíì tú u wò."

"Ṣé ó dìgbà tí dókítà bá la òkú nínú kó tó mọ̀ pé òkú ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Jẹnẹrétọ̀ mi wọ ibẹ̀ fún àtúnṣe, òun ló ń tan iná fún un títí dòní.

Mo kúnlẹ̀ síwájú olórí ẹbí. Mo ní oko ọkọ mi wà ní Ara, máṣíìnì yìí ni mo fẹ́ máa gùn lọ, kò sì sí ohun mìíràn tó kù tí ọwọ́ ọkọ mi wà lára rẹ̀ tó báyìí. Baba wò mí títí. Ó ní: "Ó dáa. Ọjọ́ méje. Bó bá lọ sí Ara tó bọ̀ láìrú èéfín, kó jẹ́ tìyàwó. Bí kò bá lè ṣe é, kí mẹkáníìkì gbé e."

Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín wọlé lọ jẹun.

Ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí jókòó ti máṣíìnì. Mo tú ilé fíltà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn sínú. Fóòmù inú rẹ̀ rin gbingbin fún ọ́ìlì, bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agbada. Ta ló bu ọ́ìlì síbẹ̀? Mo fi ọwọ́ tọ rọ́bà kan tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá sínú ilé fíltà. Rọ́bà ìmí ni. Bí písítìnnì ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ooru àti ọ́ìlì a máa há sínú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló sì ń mí wọn jáde. Ohun tó ń mí jáde yìí náà ló tún ń fà mu padà tó ń sun. Èéfín dé.

Ó ya mí lẹ́nu pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé ríìngì náà dà bíi tuntun. Mo ní kò kú.

Mo yọ rọ́bà náà kúrò lára ilé fíltà, mo fi igi rírọ̀ tí mo fi rọ́bà wé dí ojú ihò tó fi sílẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ fóòmù, mo sá a gbẹ, mo fọ púlọ́ọ̀gì. Mo ra rọ́bà tó gùn, mo kọ́kọ́ gbé e gba òkè lábẹ́ ìjókòó, kí ọ́ìlì tó bá bá a gòkè lè ṣàn padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí n tó darí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìgò wo ni màá wá ti ẹnu rọ́bà náà bọ̀? Ẹ ti mọ ìgò náà. Mo lu ihò kejì sórí ìdérí rẹ̀ fún rọ́bà, mo sì dè é mọ́ irin máṣíìnì.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku ọ̀nà Ara kò ṣe é fẹnu sọ. Èmi tí wọ́n fi ìmọ́tótó kọ́, mo wo ihò wẹ́rẹ́ tí ọkọ mi lu, mo sì yọ́ àbẹ́là dí i.

Ọjọ́ kẹfà, mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Kò rú èéfín. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Ìgbà tí n ó gbójú sókè, ọ́ìlì ti ń jò tó-tó-tó níbi tí ṣéènì ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Àbúrò ọkọ mi sì ti dúró lẹ́nu géètì, ó wá wo ohun tí yóò gbé lọ́la.

"Mo ní òkú ni, o ò gbọ́. Ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ báyìí. Ìyàwó, wọlé lọ dáná, jàre."

Ó súfèé bó ṣe ń lọ. Mo pa máṣíìnì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Omi ojú ni mo rò pé yóò wá, ìbínú ni ó wá. Mo tẹjú mọ́ ìgò. Ikùn rẹ̀ ti yọ síta, ó le bí ìlù. Mo ti rí ìgò àgbo àkọ́kọ́ tó yọkùn báyẹn rí, lójú fèrèsé, nínú oòrùn.

Mo dìde, mo ki abẹ́rẹ́ bọ iná, mo fi yọ àbẹ́là kúrò lójú ihò tí ọkọ mi lu. Atẹ́gùn tó há, tó ń ti ọ́ìlì síta, tú jáde, *fùú*. Nítorí eruku, mo já kànìnkàn díẹ̀, mo fi bo ojú ihò náà fúyẹ́fúyẹ́. Mo tún máṣíìnì tẹ̀. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò jò mọ́.

Ọjọ́ keje, mo gùn ún kọjá níwájú olórí ẹbí, mo lọ sí Ara, mo já ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko ọkọ mi, mo dè é sẹ́yìn, mo sì bọ̀. Baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wo sàláńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde, pẹ́. Ó ní: "Ẹ fi sílẹ̀ fún un." Ó ní kí wọ́n já ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ fún òun.

Ọmọlanke ti wà nílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ìgò.

"Kí ni kànìnkàn yìí wà fún?"

Mo kúnlẹ̀ fún un, bí àṣà ṣe wí. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ̀yin ni dókítà. Ẹ la òkú náà wò."

Kò tó oṣù kan tí mo fi rí ìgò àkọ́kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tòun ti kànìnkàn. Jẹnẹrétọ̀ mi sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣì ń lọ sí Ara, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń da ìgò náà nù. Òórùn ọ́ìlì nìkan ló gbà á báyìí, ti àgbo ti lọ. Tí mo bá dé ibi tí bàtà ọkọ mi ti bọ́ lọ́jọ́ tó kọ́ mi ní máṣíìnì, mo máa ń tẹ búrẹ́kì díẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ò sá lọ. Mo ṣì máa ń wẹ̀yìn.