Ìlú Tí A Gbẹ́ Sára Kòtò Amọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá, wọn kì í ra ohun ìṣeré fún ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré á wá tirẹ̀ lọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Làmídì rí tiwa nínú kòtò amọ̀ ẹ̀yìn ilé wa, lọ́dún tí bàbá mi ń mọ ilé tuntun.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí wọ́n ṣe ń mọlé nígbà náà. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí á fi fà bí iyán. Wọ́n á mọ ipele kan yí ilé ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí ògiri bá ń gbẹ, kòtò á dá páropáro, á di tiwa. Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dúró ṣánṣán. Téèyàn bá kọjú sí i, á rí inú ilẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ la iṣu: ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò koríko lókè, yangí pupa láàárín, amọ̀ tútù nísàlẹ̀ tó ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀.

Ibẹ̀ la gbẹ́ ìlú sí. Igi ṣóńṣó ni ọkọ́ wa. Mo gbẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo fi èèpo ẹ̀pà ṣe ibùsùn, mo kó ìkamùdù sínú rẹ̀ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Ilé náà kò wù wọ́n, wọ́n kó lọ. Làmídì gbẹ́ ìlú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Igun amọ̀ ńlá kan ló yọ síta láàárín wa, a sì pinnu pé a máa gbẹ́ ihò la inú rẹ̀ kọjá kí ìlú méjèèjì lè pàdé. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wá: igun yẹn gan-an ni bàbá mi máa wà fún ipele tó kàn bí ògiri bá gbẹ.

A ò jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá mú iṣu sísun lọ sí kòtò, amọ̀ tí mo bá a jẹ tó mọ ilé adìyẹ. Lọ́jọ́ kan, òkété kan yọ jáde nínú ihò mi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó ní kí n rọra, pé mo ń da erùpẹ̀ sí ọbẹ̀ òun. Mo sọ fún Làmídì.

“Irọ́ ni, Súlè. Òkété tó bá rí ẹ á ti sá.”

“Àgbà ni. Àgbà kì í sá.”

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi fi ìka kan ògiri, ó dún kókó. Ó ní, “Ó ti gbẹ,” ó sì wọlé lọ mú ọkọ́. Mo sáré pe Làmídì. A gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo na ọwọ́ wọ ihò dé èjìká, ọwọ́ mi kan nǹkan tútù kan, nǹkan náà sì dì mí lọ́wọ́ mú.

“Làmídì?”

“Èmi ni. Má fà mí.”

Báyìí ni bàbá mi ṣe bá wa, apá wa méjèèjì nínú ilẹ̀. Ó wo ìlú náà títí. Ó nàka sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi. “Ta ló ń gbé ibí?”

“Ìkamùdù ni, Baba.”

“Wọ́n dà?”

“Wọ́n ti kó lọ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. N ò ní lé ẹnikẹ́ni jáde.” Ó gbé ọkọ́ sókè, ó wó ìlú náà. Àwa méjèèjì ló ní ká fi ẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀, títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tí Rọ́fíà, ọmọ ọmọ mi, wálé láti Èkó fún Iléyá, ó fi géèmù kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ayé tí wọ́n là bíi kòtò wa ni: òfúrufú lókè, ihò nísàlẹ̀, ènìyàn kékeré kan ń wa ilẹ̀, ó ń rí bàbà, ó ń kọ́lé. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kó wá jẹun. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó tó. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ èyí tó ti gbẹ́ ni. Rọ́fíà gbé fóònù náà fún mi. Mo gbẹ́ ibi tí mo dúró lé, mo já sínú odò iná, mo kú.

“Baba àgbà, wọn kì í gbẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ara wọn.”

Kò pẹ́, mo tún jí, ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ Rọ́fíà kan tó wà ní Ìbàdàn wọ ìlú náà láti orí fóònù tirẹ̀, wọ́n jọ ń gbẹ́ ihò, wọ́n pàdé, kò sí ẹni tó kúrò nílé.

Ó dùn, n ò purọ́. Bó bá pa fóònù, ìlú rẹ̀ á wà bó ṣe wà, kò sí bàbá ẹnikẹ́ni tó máa fi í mọlé. Tiwa kò ju ìgbà tí ògiri fi gbẹ lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ rẹ̀ wọ ara ògiri yàrá ìyá mi, yàrá yẹn ni wọ́n sì bí àwọn àbúrò mi sí.