Ibùdó Ìbò Tó Wà Nínú Òkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé nínú gbogbo ìjà tí mo ti jà láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, èwo ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ máa ń rò pé màá sọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Rárá o. Ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ni.

Nígbà náà, ọmọ àdúgbò wa ní Ìbàfò ló ń díje. Ó ti ṣèlérí gọ́tà fún òpópó wa, nítorí ọdọọdún ni àgbàrá ń wọlé tọ̀ wá. Èmi ni mo ń bá a wá ìbò kiri. Ni mo bá rántí àwọn ará Ebùté-Ìrọ̀rùn. Etí òkun ni ìlú wọn wà, ọ̀nà jíjìn sí wa. Òkun ń jẹ ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lé wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì wá gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ti ilé dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ibo lomi dé?" Á ní ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ó ti gba ọjà. Bí mo ṣe mọ ìlú tí mi ò dé rí nìyẹn, láti ibi tó ti ń pòórá.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Olú, àgbà wọn, níbi tó ti ń yan ẹja.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbò yín wá síbí. Ibùdó ìbò yín ti wà nínú òkun. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"À ń ríran, Kọ́mréèdì. Bá a bá kó orúkọ wa wá síbí, ta ló kù tó máa dìbò ní Ebùté-Ìrọ̀rùn?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́, Ìyá."

"Ohun tí ìjọba fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ìlú tí kò ní olùdìbò, ta ló máa mọ odi òkun fún un?"

Mo bínú, mo ní agídí lásán ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò, mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí èèyàn ń dìbò sí nínú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ̀n síméǹtì kan tó yọrí sókè. Òun ni wọ́n gbé táǹkì omi ilé ìwé lé tẹ́lẹ̀. Ilé ìwé náà ni ibùdó ìbò wọn. Ìlú kejì, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìbò wá tẹ́ tábìlì sí, orúkọ ìlú yẹn nìkan ló sì wà lára pátákó.

"Orúkọ ìlú wa dà?" Ìyá Olú bi ọmọbìnrin tó ń ṣe olórí wọn.

"Màmá, orúkọ yín wà nínú rẹ́jísítà. Ẹ ṣáà dìbò."

"Orúkọ tèmi kọ́ ni mo bèèrè."

Gbogbo àwọn ará Ebùté-Ìrọ̀rùn bá jókòó sílẹ̀. Oòrùn kan àtàrí, kò sẹ́ni tó dìbò. Ọmọbìnrin náà ní àwọn tó rán òun kò sọ pé kí òun kọ orúkọ kankan.

Mo ní, "Ṣé wọ́n sọ pé kẹ́ ẹ má kọ ọ́ ni?"

Ó fa páálí kan ya, ó kọ Ebùté-Ìrọ̀rùn sí i gàdàgbà, ó sì so ó mọ́ tábìlì. Wọ́n dìde, wọ́n tò. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Kí la jẹ níbẹ̀? Páálí kan ni. Àmọ́ láti ìgbà náà, orúkọ ìlú náà ń jáde nínú èsì ìbò. Ọmọ àdúgbò wa fìdí rẹmi ní Ìbàfò, ìbò tí wọ́n fi borí rẹ̀ kò tó iye èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì wa. Àwọn ẹgbẹ́ ṣì ń fi ìyẹn bú mi. Ìjọba ò mọ odi òkun lọ́hùn-ún, wọn ò gbẹ́ gọ́tà níbí, wọ́n sì jẹ wá ní gbèsè méjèèjì.

Nígbà tí òjò ńlá tún rọ̀, mo ń wọ́dò bọ̀ láti ojú títì. Ìyá Olú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lérí.

"Kọ́mréèdì, ibo lomi dé?"

"Ó ti gba mọ́ṣáláṣí, Ìyá. Ó ń bọ̀ nílé mi."