Búrẹ́dì Eléwé Màmá Mi àti Kọ́kọ́rọ́ Káńsẹ́lọ̀

Ní ìgbà tí mo ṣì kéré, tí igbá búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju èmi tí mo rù ú lọ, ilé wa ní Inísà ni gbogbo ọmọdé ń wá ọ̀nà láti bá ṣọ̀rẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pe màmá mi. Bàbá wa wà ní Gáná, ó ń ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà pé òun ń bọ̀. Ààrò amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ló ń bọ́ wa títí yóò fi dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ìkìrun, Inísà àti Òkúkù, ẹ kò ní gbàgbé òórùn yẹn: ẹmu tí wọ́n fi ń mú kí fùláwà wú, igi tó ń jó, àti èèpo búrẹ́dì tó ń pọ́n bọ̀. Mo ń kọ ọ́ báyìí, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ eyín tí mo máa fi jẹ ẹ́ kò pọ̀ mọ́.

Èmi ni mo máa ń fi òróró pa inú páànù. Èmi náà ni mo máa ń gbé búrẹ́dì lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Òkúkù, níbi tí àwọn èrò ti ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Mo máa ń já etí búrẹ́dì jẹ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí Màmá bá rí i, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo máa kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ lókè, kí n máa gbóòórùn èyí tí n kò ní jẹ.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kò yẹ lórí bébà mi. Káńsẹ́lọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí àmì wọn jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Ìkìrun. Òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í. Nígbà tí ìdìbò kan ń bọ̀, ó wá sọ fún Màmá pé àwòrán kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìdí gbogbo búrẹ́dì tó bá tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káńsù kò ní jẹ́ kó dáná lẹ́yìn ilé mọ́. Ó kó gbogbo páànù wa lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì lu kọ́kọ́rọ́ sí ìdí wọn. Láti ọjọ́ náà, tí o bá yí búrẹ́dì wa dé, kọ́kọ́rọ́ á hàn gbangba. Káńsẹ́lọ̀ á wá láràárọ̀, á mú èyí tó pọ́n jù, á ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́ o!" Ẹgbẹ́ mọ̀ wá lóòótọ́. Ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ wá.

Àfi bí àwọn sójà ṣe gbàjọba. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò aládùúgbò wa ké e pé wọ́n ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àmì wọn kiri mọ́. Ìròyìn náà bá wa níbi tí fùláwà ti wú kún ọpọ́n, tó ń yọjú lábẹ́ aṣọ bí ọmọ tó fẹ́ sá nílé ìwé. Kò sí páànù kan nílé wa tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ní ìdí. Tí Màmá bá yan búrẹ́dì, ọlọ́pàá lè wó ààrò. Tí kò bá yan án, gbogbo fùláwà tó ti pò yóò kan, a kò sì ní òmíràn. Màmá ń ṣí aṣọ orí ọpọ́n wò, ó tún ń dà á bò ó.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màmá, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń pọ́n ẹ̀kọ.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ òkú? Ẹ tẹ́ ewé sí ìdí páànù."

"Ìyá mi, búrẹ́dì ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ."

"Ṣé ẹnu ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni?"

Kíá, a ti sáré dé etí odò, a já ewé gbódógì, a tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele títí kọ́kọ́rọ́ fi sọnù sábẹ́ rẹ̀. Búrẹ́dì tó jáde lọ́jọ́ náà, ilà ewé ló wà ní ìdí rẹ̀, ó sì ń ta sánsán bíi mọ́ínmọ́ín. Mo gbé e dé Òkúkù, mo pariwo, "Búrẹ́dì eléwé rè é o!" Àwọn èrò ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ láti ojú fèrèsé. Ijó ni mo jó délé.

Káńsẹ́lọ̀ ńkọ́? Ó ti bọ́ fìlà ẹgbẹ́, kò gba ẹ̀bá ilé wa kọjá mọ́. Kí àwọn sójà má bàa fura sí i, ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní Ìkìrun, ó ní kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní Inísà. Kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ń wá, kí wọ́n lè wọ ibẹ̀ kó ẹrù ẹgbẹ́. Kọ́ńsítébù tí wọ́n fi tẹ̀ lé e wá sílé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn ni, kò mọ àmì ẹgbẹ́ kankan.

"Ìyá, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ jáde."

"Ọ̀gá, búrẹ́dì nìkan ló wà níbí."

"Ara búrẹ́dì ló wà!" Káńsẹ́lọ̀ ń fò sókè.

Kọ́ńsítébù fa búrẹ́dì kan ya, ó yọjú wo inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó bá jẹ ẹ́. Ó tún fa òmíràn ya.

"Kì í ṣe inú, ọ̀gá! Ìdí! Ẹ wo ìdí!"

Màmá tú gèlè, ó fi so ìbàdí. "Ìdí ta ni? Ẹ̀yin ará Inísà, ẹ gbà mí o! Ọkọ mi wà ní Gáná, Káńsẹ́lọ̀ wá mú ọlọ́pàá kó wo ìdí mi!"

Àdúgbò tú jáde.

"Ìdí búrẹ́dì ni mo wí!"

"Ẹ̀yin àgbààgbà yìí náà!" obìnrin kan kígbe. "Ṣé ti búrẹ́dì náà lẹ tún fẹ́ wò ni?"

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Kọ́ńsítébù yí búrẹ́dì dé, òmíràn ṣì kún ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ewé ni mo rí o."

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà dìde. "Ọmọ mi, ṣé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì Ìkìrun lẹ ń wá? Ṣebí Káńsẹ́lọ̀ ló ń tì í. Ẹ wo àpò agbádá rẹ̀."

Ó wà níbẹ̀, irin gbọọrọ bí ìka ọwọ́. Bí wọ́n ṣe mú Káńsẹ́lọ̀ gba ọ̀nà Ìkìrun lọ nìyẹn, àwa ọmọdé sì ń kọrin ìdí búrẹ́dì tẹ̀ lé e títí dé ẹ̀yìn ìlú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ààrò wa kò kú. Búrẹ́dì eléwé ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun náà ni Bàbá bá nílé nígbà tó dé.

Ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá purọ́ ní Inísà, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọdé á ti fi kọrin. Ti òde òní yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n sin Káńsẹ́lọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀wé aláwọ̀ mèremère, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn sójà ju bàbá wọn sẹ́wọ̀n nítorí pé ó jà fún mẹ̀kúnnù. Pásítọ̀ kà á, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo bú sẹ́rìn-ín, tí ọmọbìnrin kan gbé omi wá fún mi, ó rò pé ikọ́ ni. Mo ka ìwé náà tán, mo jẹ ìrẹsì wọn tán. Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.