Owó Orí Tí Àbúrò Mi Ti San

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àbúrò mi obìnrin jẹ́, kó lọ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí kò sí fèrèsé, tí ẹ̀rọ mẹ́fà ń pariwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìka rẹ̀ ti bó títí kò fi ní ìlà mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìka mọ òṣìṣẹ́ wá, gbogbo ènìyàn tẹ̀ ẹ́, wọ́n wọlé, ẹ̀rọ ní òun kò mọ àbúrò mi rí. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ yẹn.

Káfíńtà ni mí. Inú mi máa ń tètè bí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo yáa sọ ọ́ ṣáájú kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, torí ìbínú mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Dẹ́rẹ́bà là ń pè é, fi ogún ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá òsì àti lẹ́sẹ̀ òsì. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta ni, mo ti kà á. Fún ọdún méjì gbáko, Dẹ́rẹ́bà kò fẹsẹ̀ kan ìgboro. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, ó ń wo àwọn tó ń wakọ̀ wákuwà ní títì, ó ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ àbúrò mi ti wà ní ọ́fíìsì tó ń pín ilé fún àwọn tí owó wọn kò tó ra ilé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kọ̀wé pé ó kàn án: yàrá méjì, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ títì. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kó mú ìwé ẹ̀rí wá pé òun kò jẹ owó orí, kí oṣù kẹta tó parí. Bí kò bá rí i mú wá, ilé di ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé, Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n bá òun wá bàtà òun.

Àbúrò mi máa ń tún aṣọ rán gbowó lópin ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í bẹ̀rù rẹ̀. Á tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìránṣọ, á gbé ìwé tí ilé ìwòsàn fún un ní ìparí ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa wo ìhín kọ sí ọ̀hún. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń kọ owó orí tí wọ́n ti yọ nínú owó oṣù sí, òdo ló bá nínú ìwé ilé ìwòsàn. Oṣù méjìlá ni wọ́n fi yọ ọ́, oṣooṣù, láìfo ọ̀kan. Ìwé ní wọn kò yọ nǹkan kan.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, bóyá ojú mi ni."

"Ojú ẹ kọ́. Ìwé pélébé tí wọ́n ń fún ẹ lóṣooṣù ńkọ́, èyí tí wọ́n ń kọ iye tí wọ́n yọ sí? Kó wọn wá."

Ó kó mẹ́ta wá.

"Mẹ́sàn-án tó kù dà?"

Ó wolẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé òfin kan wà láàárín àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ohun tí wọ́n bá bá nínú àpò aṣọ aláìsàn kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Ìbáà ṣe òrùka, ìbáà ṣe eyín àtọwọ́dá, ìbáà ṣe bọ́tìnì lásán, lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì tó ti wá. Ilé ìwòsàn kì í sì í fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè dì í sí. Ohun tó bá wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń dì í, ìwé pélébé owó oṣù ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìwé tó nípọn ni, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Wọ́n á kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn rẹ̀, á bá aṣọ tó mọ́ gòkè lọ.

Mo ní, "Ìwé ẹ̀rí ẹ lo fi ń di eyín ẹlẹ́yín kiri?"

"Bọ̀dá, ìyá kan ń sunkún òrùka ẹ̀ lókè. Ṣé kí n máa wá ìwé tó dáa kiri ni?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí.

A lọ sí ọ́fíìsì owó oṣù. Ọ̀gá Ó-Dọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe akọ̀wé tó wà níbẹ̀, torí kò sí ohun tí wọ́n gbé tọ̀ ọ́ wá lónìí tí kì í dọ̀la. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Ó fún wa ní àga. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa, ó fi ìka tọ́ ọ: owó orí oṣù kìn-ín-ní rèé, ti oṣù kejì rèé, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ní ìgbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ìparí ọdún ni ibì kan fò, kọ̀ǹpútà ló ṣe é.

"Ta ló ń tẹ kọ̀ǹpútà?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀gá àgbà nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé mìíràn, ọ̀gá àgbà sì ti rìnrìn àjò. Bí a bá ní kó tún ìwé pélébé wọ̀nyẹn tẹ̀, kò láṣẹ. "Ẹ padà wá lọ́la, ìyá." Ìgbà mẹ́sàn-án ni àbúrò mi padà lọ, ní àsìkò tó yẹ kó fi jẹun ọ̀sán. Ìgbà mẹ́sàn-án ló fún un ní àga.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù kẹta parí, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Obìnrin tó wà ní fèrèsé kẹta ka gbogbo ìwé náà tán, kò kánjú. Ó ní, "Iye tí wọ́n yọ gan-an ni kí ẹ kọ, ìyá. Ẹ so mẹ́ta tí ẹ ní yìí mọ́ ọn, kí ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ti béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ wọn. Àwa náà á kọ̀wé sí wọn. Àmọ́ a ò ní lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí títí wọ́n á fi dáhùn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ san iye tí ìwé tiwọn ní ẹ jẹ, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín lónìí. Tí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ ó gba owó yín padà."

Àbúrò mi ti ṣí báàgì. Owó tó fẹ́ fi kó ẹrù ló wà níbẹ̀, ó tó, kódà ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì? O ti san án! Ẹni tó ṣe àṣìṣe ni kó gbé e."

"Bọ̀dá mi, ọjọ́ méjì ló kù."

"Òtítọ́ kì í ṣìnà. Pa báàgì ẹ dé."

Ó wò mí. Obìnrin fèrèsé kẹta náà wò mí. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ wáyé, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í bọ́ sílẹ̀. Ó pa á dé. Ohun tí mo sọ tọ̀nà o. Títí dòní, ẹni tó bá bi mí, màá ní ó tọ̀nà, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Oṣù kẹta parí, ilé ìwòsàn kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, ọ́fíìsì ilé kọ̀wé pé àwọn ti kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn, kí àbúrò mi jọ̀ọ́ má bínú, kó tún máa fojú sọ́nà. Èmi ni mo lọ sọ fún Dẹ́rẹ́bà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, èwo ni ẹ sọ níbẹ̀, òtítọ́ kì í ṣìnà? Èmi rò pé wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ì bá sàn kó bínú.

Ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, Dẹ́rẹ́bà wọ bàtà rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ó sọ fún aládùúgbò tó bá pàdé pé òun ń lọ bá akọ̀wé kan sọ̀rọ̀, ọkùnrin sí ọkùnrin. Ó ku àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún kó délẹ̀ nígbà tó yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fọṣọ ni wọ́n gbé e lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti wà níbẹ̀ ni Ọ̀gá Ó-Dọ̀la fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìfọṣọ, tẹ̀ríntẹ̀rín, ó mú ìwé àtúnṣe fún àbúrò mi. Owó orí oṣù méjèèjìlá wà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀ méjì.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Dẹ́rẹ́bà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí nọ́ọ̀sì kó aṣọ tó mọ́ dé. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n dì sínú ìwé lé orí tábìlì, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn rẹ̀, mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀. Mo tú u. Kọ́kọ́rọ́ àjà kẹta ni. Dẹ́rẹ́bà ti gbàgbé rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò ilé ìwòsàn tí wọ́n kó lọ fọ̀ láàárọ̀. Mo tẹ́ ìwé náà sórí itan mi, mo rí òǹtẹ̀ méjì.

Nígbà tí àbúrò mi tiṣẹ́ dé, mo gbé e sókè níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn, Bọ̀dá. Ó nípọn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ ṣe.

Nọ́ọ̀sì padà wá. Ó ní ọ̀túnla ni wọ́n máa dá Dẹ́rẹ́bà sílẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó bi wá bóyá àtẹ̀gùn wà nílé.

"Méjìdínláàádọ́ta," mo ní. "Èmi ni mo máa pọ̀n ọ́n."

Dẹ́rẹ́bà ní ẹ̀yìn mi ti gbó, àti pé ó burú kí àna pọn àna. Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀.