Ilẹ̀ Pákó àti Ọwọ́ Màmá

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Muṣin kì í ṣe nǹkan ńlá. Páànù ni òrùlé rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì fara ti ògiri ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí. Nítorí omi òjò tó máa ń ya wọbẹ̀, mo gbé pákó ilẹ̀ náà ga díẹ̀, mo sì ki orí àwọn igi tó gbé e dúró bọ inú ògiri ilé ọ̀hún. Nígbà tó jẹ́ ayùn ọwọ́ àti òòlù nìkan ni mo ń lò, kò sí ohun tó ṣe é.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá ń gbé. Opó ni, aránṣọ sì ni. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì yá. Ó ṣì máa ń bá wa lẹ aṣọ tó bá ya.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ gbé ẹ̀rọ ìfági tòkunbọ̀ kan ní Ìjọra. Irin gidi ni. Bí àwọn alábàárù ṣe ń gbé e wọlé ni pákó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ yìí á lè gbà á?" Mo ní kò séwu. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa mì. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ wa ń jó.

Láàárín ìgbà yẹn, Màmá ń rù. Kì í jókòó síta mọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá ní, "Ara á yá o, Màmá," màá sì kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun kan ẹsẹ̀ àga tó yẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ti àga náà nínú yàrá rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú iná dé, ọ̀rẹ́ mi sì tan ẹ̀rọ. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ orúnkún mi. Ìdérí ìkòkò ń ró lórí sítóòfù. Màmá, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó fara ti ògiri, sáré ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ̀.

"Má wò mí, ọmọ mi," ó ní. "Ó tún ti dé."

"Kí ló dé, Màmá?" Mo pariwo sí i létí.

"Àìsàn yìí ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n, títí dé eyín. Ojú ń tì mí láti sọ fún èèyàn. Mo ti gbé màṣíìnì ìránṣọ mi fún ọmọbìnrin kan ní Makoko. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo gbé òòlù kalẹ̀. Èmi ni àìsàn tí Màmá ń wí.

Mo jáde, mo lọ pa ẹ̀rọ náà, mo padà wọlé. Yàrá ti pa rọ́rọ́. Màmá ti yọ ọwọ́ jáde, ó ń wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ṣàìsàn. Ẹ̀rọ mi ni. Ilẹ̀ tí mo gbé e lé kò lágbára, gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń gba inú ògiri wá bá yín."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo ti ń retí èébú. Àfi bó ṣe pàtẹ́wọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé pé ara mi le? Olúwa, mo dúpẹ́ o! O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ fún mi."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ilẹ̀ mọ́, a tú gbogbo pákó náà. A yọ orí àwọn igi kúrò nínú ògiri, bíríkìlà sì dí ihò wọn. A gbẹ́ ilẹ̀, a kó òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i, a gún un títí tó fi le, a to irin sí i, ká tó da kọnkéré tó nípọn lé e. Mo dúró ti bíríkìlà kí kọnkéré náà má baà fara kan ògiri Màmá rárá. Ní gbogbo ìgbà tí kọnkéré fi ń gbẹ, Màmá gbé àga síta, ó ń ròyìn fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ pé òun ò ṣàìsàn, ẹ̀rọ ọmọ òun ni. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Èmi á tẹrí ba bí ẹni ń wá ìṣó nílẹ̀.

Nígbà tó gbẹ, a fi rọ́bà táyà sábẹ́ ẹ̀rọ, a dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Mo lọ fọwọ́ lé ògiri Màmá, ọ̀rẹ́ mi sì tan ẹ̀rọ. Ògiri ò mì.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ bá a gba màṣíìnì rẹ̀ padà. Ó kọ̀. "Ọmọ yẹn ti ń fi jẹun," ó ní. "Ṣé kí n wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀?" Mo ní kí n wá òmíràn fún un, ó ní rárá, òun ti sinmi nìyẹn.

Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ sọ fún àwọn ìyá ìjọ wọn pé tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kan bẹ́ǹṣì, èmi ni kí wọ́n pè. Wọ́n pè mí lóòótọ́, mo sì kàn án, wọ́n yìn ín. Màmá ṣì máa ń yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Màá dọ̀bálẹ̀, màá gbé àga fún un, àmọ́ ojú mi kì í lè gbé ojú rẹ̀.